Ọwọ́ Pósí Tó Ṣẹ́kù ní Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Bùnmi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí pé ìyá rẹ bá ọ sọ̀rọ̀ lánàá, ó sì ròyìn gbogbo ohun tí o jẹ fún mi títí dórí ẹ̀pà. Àwa náà wà dáadáa. Ìbàdí mi ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí. Jẹ́ kí n yáa bọ́ sórí ohun tí mo fẹ́ sọ, kí wọ́n má baà pè mí pé kí n wá gbé nǹkan kí n tó parí.

Ìmọ̀ràn kan wà tí mo fún ọ lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fẹ́ gbà á padà. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nìyẹn. Tí n bá sọ ọ́ lórí fóònù, kí n tó dé ìdajì, o ti máa ní, “Mo ti gbọ́, Dádì, abẹ̀g,” bẹ́ẹ̀ o kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́tà kò ṣeé já lu lẹ́nu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, ká lè mọ̀ pé ohun kan náà la jọ ń sọ. O ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yín ní Ìṣùà, wọ́n fi ọ́ sí wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí o ṣe wọlé, o rí obìnrin kan tó bímọ ní ọjọ́ tó ṣáájú. O kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, “Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ìkókó. Ọmọ wa dà?” O kò mọ̀ pé ọmọ náà ti kú kí o tó dé. Obìnrin náà kọjú sí ògiri. Ọjọ́ kejì ni ó padà sí Ìpe tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ìwọ náà sì kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ọ kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn, kí wọ́n fi ọ́ sí ti àwọn ọkùnrin.

O sunkún lórí fóònù. Èmi bàbá rẹ ní, “Má dá ara rẹ lẹ́bi. O kò mọ̀. Tó bá yá, obìnrin náà á gbàgbé. Gba wọ́ọ̀dù mìíràn, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.” O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ yẹn pé mo rí ọ̀rọ̀ gidi sọ fún ọmọ mi.

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn burúkú ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fún ara mi ní irú ìmọ̀ràn yẹn, kò sì ṣe mí lóore kan.

Ṣọ́ọ̀bù ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti tì í, Sátidé tó kọjá ni. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ta ohun èlò káfíńtà ní Ìkàrẹ́: ìṣó, sukúrúù, gọ́ọ̀mù, sáńpépà, fọmíkà, híńjì, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n pè mí ní Oníṣòó títí àwọn mìíràn kò fi mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí ló dé, má sọ pé ọjà kò tà. Ọjà ń tà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń ra àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti kàn tán láti ibòmíràn, àwọn káfíńtà tí mo mọ̀ ti ń darúgbó, èmi náà kò sì lè gun àkàbà mọ́ láti lọ mú fọmíkà wálẹ̀. Mo jókòó, mo rò ó, mo rí i pé ó tó. N kò sunkún. Ìyá rẹ ló sunkún díẹ̀, òun tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló máa ń sọ pé kí n tì í.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé èèyàn lè ti ìlẹ̀kùn nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó sì lè tì í nítorí pé ẹnì kan ń bọ̀ tí kò fẹ́ rí. Mo ti ṣe méjèèjì. Tí o bá fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn torí pé o fẹ́ràn iṣẹ́ mìíràn, n kò ní dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n láti kékeré lo ti ń sọ pé iṣẹ́ ìgbẹ̀bí lo fẹ́ ṣe, o sì ń fi bàǹdéèjì di ẹsẹ̀ gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò. Nítorí náà má fi èmi ṣeré.

Bí mo ṣe kéde pé mo fẹ́ tì í, àwọn káfíńtà ya wọlé láti Ọ̀kà, láti Ìfira, láti ibi gbogbo. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ti kó ọjà tán. Ẹnì kan ra àkàbà. Ẹnì kan ra àga tí mo ń jókòó lé, èmi ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń ná an. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Páálí ọwọ́ pósí kan ni, àwọn irin dídán tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ pósí kí àwọn tó ń gbé òkú lè rí nǹkan dì mú.

Mo dín owó rẹ̀ kù, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Káfíńtà kan tó ti kó gbogbo ìṣó tó rí sínú àpò fò sẹ́yìn. Ó ní, “Bàbá Oníṣòó, ẹ fẹ́ kí n gbé e sílé kí n máa fi de ta ni?”

Òótọ́ ló sọ. Kò sí káfíńtà tó ń ra ọwọ́ pósí sílẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé ni yóò wá rà á, iye tí iṣẹ́ náà gbà ni yóò sì rà. Mo gbé e délé, ìyá rẹ kò jẹ́ kó kọjá ẹnu géètì. Mo ní kí n lọ dà á sí ààtàn, ó ní kí n tó padà délé, gbogbo Ìkàrẹ́ á ti máa wádìí ẹni tí mo fẹ́ sin. Mo dá a padà sínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣófo. Èmi àti òun la jọ ń wo ara wa.

Ọwọ́ pósí ní bí a ṣe ń tà á. Ọ̀gá tí mo kọ́ ọjà títà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ló fi hàn mí. A kì í pàtẹ rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ló ń gbé, nínú bébà. Ẹni tó wá rà á kì í dárúkọ rẹ̀, á ní, “Ẹ fún mi ní nǹkan yẹn.” A kì í nà án sí i, orí káńtà la ń gbé e lé, òun fúnra rẹ̀ ló máa mú un. Tó bá sì ń lọ, gbogbo ohun tí a máa ń sọ fún oníbàárà, pé ẹ ó rà á lò o, ẹ padà wá, a kì í sọ ọ́. A máa ń ní, “Ọlọ́run á dáwọ́ rẹ̀ dúró,” a ó sì dákẹ́.

Mo mọ gbogbo èyí dáadáa. Mo sì tún ṣe ohun tí mo ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, ìwọ kò tíì dé ayé. Ẹnu mi yá bí nǹkan míì. Mo máa ń yangàn pé kò sí oníṣòwò tó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ mú inú oníbàárà dùn tó mi ní gbogbo Àkókó. Oníbàárà kan wà tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Rájí, káfíńtà láti Ọ̀kà, Mùsùlùmí, tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ máa ń rajà lọ́wọ́ mi nígbà tí àwọn yòókù ń sọ pé kí ni ọmọdé yìí mọ̀. Tó bá wọlé, yẹ̀yẹ́ ni a óò máa fi ara wa ṣe títí yóò fi jáde.

Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀, èrò kún ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀ọ̀dá Rájí wọlé. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n fún òun ní ìṣó, sáńpépà, àti nǹkan yẹn. Ìwọ náà rò ó wò. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi pósí sin òkú, aṣọ funfun ni wọ́n ń lò. Mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé iṣẹ́ onígbàgbọ́ kan ló gbà, owó ọdún ti dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo gbé e lé orí káńtà. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá Rájí, iṣẹ́ ń wọlé nìyẹn o. Ẹ ó rà á lò. Ẹ tètè padà wá rà sí i.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Rájí mú ẹrù rẹ̀ lórí káńtà, ó sì jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ló kú. Ọmọ Ìkàrẹ́ níbí ni, onígbàgbọ́ ni, tọkọtaya náà jọ gbé láìsí pé ẹnì kan fa ẹnì kejì wá sínú ẹ̀sìn tirẹ̀, bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa. Ó ti sọ kó tó kú pé kí wọ́n sin òun bí wọ́n ṣe sin ìyá òun. Bọ̀ọ̀dá Rájí sì ní káfíńtà kankan kò ní kan pósí náà àfi òun. Ọjọ́ kejì ni ẹnì kan sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ìròyìn lásán, tó ń yan kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo jókòó sórí páálí ìṣó.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n wọ mọ́tò Ọ̀kà. Kò tó wákàtí kan. Ọjọ́ kẹta, mo ní kí èrò kọ́kọ́ dín kù nílé rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ, mo ní ọjà ọdún kò jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tó di ogójì ọjọ́, mo ní tí mo bá lọ báyìí, á bi mí pé níbo ni mo ti wà látijọ́ yìí. Nígbà tó pé ọdún kan, mo ní kí n má lọ rán an létí. Gbogbo rẹ̀ ló dà bí ọgbọ́n nígbà tí mo ń rò ó.

Kò padà wá rajà lọ́wọ́ mi mọ́. Tí mo bá rí i lọ́jà Ìkàrẹ́, màá yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ọjọ́ kan ni mo sá wọ ilé aránṣọ obìnrin, ọ̀gá ibẹ̀ mú téèpù wá, ó ní irú búláòsì wo ni mo fẹ́ rán. Ìtìjú mú mi débi pé mo rán ọ̀kan fún ìyá rẹ. Òun ni aláwọ̀ ewé yẹn tó máa ń sọ pé kò tóbi tó. N kò sọ bó ṣe jẹ́ fún un rí, nítorí náà ka ibí yìí sínú.

Má sì rò pé n kì í bẹ èèyàn. Ọdún yẹn gan-an ni mo ta gọ́ọ̀mù tó ti bàjẹ́ fún ọkùnrin kan tó ń kan àga fún ilé ìwé ní Ìfira. Àwọn àga náà tú mọ́ àwọn ọmọ nídìí. Ọkùnrin náà ru ọ̀kan lórí wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé e sí àárín èrò, ó ní, “Oníṣòó, ó yá, jókòó lé e.” Mo jókòó. Ó tú. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ ẹ́, mo fún un ní gọ́ọ̀mù tuntun, a jọ tún àga náà tò. Títí di Sátidé tó kọjá, oníbàárà mi ni. Òun ló ra àga abẹ́ ìdí mi.

Nítorí náà, kọ èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èkíní. Iṣẹ́ rẹ á mú kí àwọn kan pariwo lé ọ lórí, pàápàá àwọn ẹbí aláìsàn. Má bẹ̀rù wọn. Ẹni tó ru àga rẹ̀ wá bá ọ, ó ti bá ọ rin ìrìn náà. Ẹni tó kọjú sí ògiri ni kí o máa rò. Òun kò ní wá. Ìwọ lo máa lọ.

Èkejì kò gùn. Kí o tó wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, bi ẹni tó ń lọ sílé pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí o sì ka ìwé wọn tán kí o tó la ẹnu. Èmi náà, ká ní mo wo ojú Bọ̀ọ̀dá Rájí kí n tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti sọ ọ́. Ẹ̀sìn rẹ̀ ni mo wò, n kò wo ojú rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nílé Mùsùlùmí àti ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ìtàn náà.

Ọjọ́rú tó kọjá, ìyá rẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé páálí yẹn ni mo ń wò. Ó ní, “Bàbá Bùnmi, ẹ gbé e lọ fún Bọ̀ọ̀dá Rájí ní Ọ̀kà.”

Mo ní, “Kí ni Bọ̀ọ̀dá Rájí fẹ́ fi ṣe?”

Ó ní, “N ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń wá ohun tí ẹ máa gbé dání lọ bá wọn látìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi.”

Mo rò pé kò mọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, obìnrin yìí mọ̀, ó sì ń wò mí níran.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Mo fi àpò ìrẹsì tó ti ṣófo bo páálí náà, mo gbé e lé itan nínú tákísí. Ó ń dún gbọlọ-gbọlọ ní gbogbo kòtò. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, “Bàbá, kí ló ń dún báyìí?” Mo ní irin ni. Ó ní, “Irin kí ni?” Mo ní irin lásán. Ó sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Bọ̀ọ̀dá Rájí wà níwájú ilé rẹ̀, lábẹ́ ìbòrí páànù níbi tó ti máa ń ṣiṣẹ́, ó ń fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúró. Ó gbójú sókè. Ó ní, “Oníṣòó. Ìwọ rèé.” Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi tó wà nílẹ̀, pẹ̀lú ìbàdí mi yìí. Ó ní kí n dìde kí aṣọ mi má bàjẹ́. N kò dìde. Mo sọ ohun tí mo ti ń há sórí láti Ìkàrẹ́. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá Rájí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, pé kí ẹ padà wá rà sí i, n ò mọ̀ pé tiyín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ wo?”

Mo tún un sọ. Ó fi sáńpépà nu orí àpótí náà.

Ó ní, “Ìyẹn. Ó dùn mí títí mo fi dé orí títì. Mo ti mọ̀ pé o kò mọ̀. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ sọ irú ẹ̀? Kì í ṣe ìyẹn, Oníṣòó. Ohun tó dùn mí ni pé mo wo ọ̀nà rẹ. Ọjọ́ kẹta, mo ní Oníṣòó á dé. Ọjọ́ kẹjọ tí a ṣàdúà, mo ní kí wọ́n bu oúnjẹ tìẹ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo ń rajà lọ́wọ́ wọn ló wá kí mi, títí kan alápatà. Ìwọ kò wá. Mo wá ní, bóyá o rò pé kò dùn mí ni, torí pé n ò sunkún ní ṣọ́ọ̀bù ẹ.”

Bùnmi, láti bí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni mo ń gbé kiri. Kò fìgbà kankan wá sí mi lọ́kàn pé ìrìn tí n kò rìn ni gbèsè mi. Ó bu oúnjẹ tèmi sílẹ̀. Mo wà ní Ìkàrẹ́, mò ń ta kọ́kọ́rọ́.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Mo ní, “Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá Rájí. Ẹ kú ara-fẹ́-ra-kù. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé sáńpépà sílẹ̀, ó ní, “Àmín. O ṣeun tí o wá,” bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni obìnrin náà kú. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi, kí wọ́n bu omi wá. Ó sì sọ nípa ìyàwó rẹ̀ fún mi, bí ó ṣe máa ń korin ìjọ nígbà tí òun bá ń lagi, tí òun á sì ní kó dákẹ́ kí òun má baà gé ọwọ́. Ó sunkún. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́ fún ọ.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo ṣí àpò ìrẹsì náà. Mo ní kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á. Ó wo inú páálí, ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò nù ún.

Ó ní, “Gbé e sábẹ́ bẹ́ńṣì. Àwọn onígbàgbọ́ Ọ̀kà á máa wá mú un tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, kò lè bà mí lẹ́rù. Èyí tó kàn mí nínú ẹ̀ ti kọjá.”

Sátidé, mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà ìkẹyìn, ta ló wọlé? Ọ̀pá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní òun fẹ́ sáńpépà. Ó ku ewé méjì tí mo fẹ́ fi nu ìpẹtà lára kọ́kọ́rọ́ ilé wa. Mo ká a, mo nà án sí i lọ́wọ́. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró níwájú káńtà, ó ń wò mí. Ó ní, “Oníṣòó, kí lo máa ń sọ fún oníbàárà?”

Mo ní, “Ẹ ó rà á lò o, Bọ̀ọ̀dá Rájí. Ẹ padà wá.”

Ó ní, “Sínú ṣọ́ọ̀bù tí o ń tì yìí?”

Mo ní, “Ẹ padà wá sílé.”

Ó wá lánàá. Ó jẹ iyán, ó bu ẹnu àtẹ́ lu kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ, ó ní ẹni tó kàn án kò mọ iṣẹ́, ó sì lọ. Inú mi dùn gan-an, ó sì tún ń dùn mí, torí pé mo ń ka iye ọdún tó yẹ ká ti máa jẹ iyán yẹn.

Ẹ̀kẹta rèé, Àbẹ̀kẹ́ mi, òun ni gbogbo lẹ́tà yìí. Ìpe kò jìnnà sí Ìṣùà. O sọ fún ìyá rẹ pé o kì í lọ síṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ kí obìnrin yẹn. Má wọ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ. Béèrè ilé rẹ̀, wọ́n á fi hàn ọ́. Má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ. Ìyẹn ìtìjú tìrẹ ni, kì í ṣe òun ló máa bá ọ gbé e. Kúnlẹ̀, kí i kú ọ̀fọ̀, kí o sì dákẹ́. Má sọ fún un pé òmíràn ń bọ̀. Èyí tó lọ ló ń sunkún lé lórí. Tó bá sọ orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ náà, fetí sí i, kí o sì rántí rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí o jókòó, jókòó. Tí wọ́n bá bu omi, mu ún. Tó bá sì lé ọ, dìde, kí o dúpẹ́, kí o máa lọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́, ó ti rí ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, tí o bá ṣì fẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, máa lọ síbẹ̀, n kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Lọ kí i kọ́kọ́ ná.

Mo rò pé ẹ̀kẹrin wà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti ń pè mí. Dírẹ́bà Ìṣùà tí a máa ń fi nǹkan rán ló máa gbé lẹ́tà yìí àti ẹrù wá fún ọ lọ́sàn-án òní. Àpò méjì ni. Gàrí àti ẹ̀pà rẹ wà nínú èyí tó ní okùn pupa. Èyí tó ní okùn funfun kì í ṣe tìrẹ, nítorí náà má tú u, mo mọ ọwọ́ rẹ. Iṣu, ẹyin àti epo ni ìyá rẹ dì síbẹ̀ fún obìnrin Ìpe. Ẹyin kò ní pẹ́ bàjẹ́, obìnrin náà sì lè máa wo ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oníṣòó tí kò ní ìṣó mọ́.